Èéfín Inú Yàrá Àwọn Tó Ń Bá Wa Ṣiṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Tiwa Ni

   Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sójú ewé yìí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì dà wá láàmú. Ọ̀rọ̀ èéfín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èéfín tó ń kún inú yàrá tí àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń sùn sí ni a ń wí, torí pé ó ń pa ènìyàn, ó sì ń pa wọ́n láìpariwo.

Ta ni àwọn tí à ń wí yìí? Ẹ kàn wo ọ̀tún, kí ẹ wo òsì nínú ọjà. Àwọn ọkùnrin Hausa tó ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12. Àwọn ọmọbìnrin tó wá láti ìpínlẹ̀ Benue, tí wọ́n ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń fọ abọ́ fún àwọn olóúnjẹ. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà, níbi bíi Makoko. Àwọn Àgànyìn tó wá láti Togo àti ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń se ẹ̀wà tí olówó àti tálákà jọ ń jẹ láàárọ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀, tó wá láti Òkè-Ògùn àti àwọn ìlú kéékèèké mìíràn láti wá kọ́ṣẹ́ tàbí ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Bí wọn ò bá sí, ta ni yóò já ẹrù lórí tírélà? Ta ni yóò gbé àpò ìrẹsì dé ìsọ̀ wa?

Àwọn baba wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn wọ̀nyí ti di ará ilé wa. Ikọ́ tí wọ́n ń wú, etí wa ló ń gbọ́ ọ.

IRÚ YÀRÁ WO NI WỌ́N Ń SÙN SÍ?

Ẹni tó bá ti bá alábàárù rẹ̀ délé rí á mọ̀. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ wá sí Èkó kí wọ́n lè máa fowó ránṣẹ́ sílé ni. Náírà tí wọ́n bá ná sórí yàrá, náírà tí kò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó àti ọmọ nílé ni. Nítorí náà, ènìyàn mẹ́fà, méje, á dá owó jọ, wọ́n á gba yàrá kan nínú ilé face-me-I-face-you. Fèrèsé kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi pákó kan èyí náà pa nítorí olè, wọ́n sì ti fi aṣọ dí ihò tó kù nítorí ẹ̀fọn. Àdògán èédú wà lẹ́nu ọ̀nà, sítóòfù kẹrosíìnì wà lábẹ́ tábìlì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour sì wà ní kọ́rídọ̀. Bí òjò bá dé, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé: àdògán ń wọlé, jẹnẹrétọ̀ ń wọlé, ènìyàn ń wọlé, wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹni tí kò lè san owó yàrá rárá ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àpò ẹ̀wà àti páálí ọṣẹ. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn èyí, torí pé ọmọ náà di ọlọ́dẹ ọ̀fẹ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Olè ò ní lè wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ilé ńkọ́, báwo ni yóò ṣe jáde?

ÈÉFÍN TÍ A RÍ ÀTI ÈYÍ TÍ A KÒ RÍ

Àwọn àgbà ní èéfín kì í ṣe ohun tí a lè fi aṣọ bò mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ èéfín igi. Á ta ojú ẹni, á mú ikọ́ dání, ènìyàn á sá fún un. Ṣùgbọ́n èéfín mìíràn wà tí ojú ò rí, tí imú ò gbóòórùn rẹ̀, tí kò sì ta ojú ẹnikẹ́ni. Òun ni atẹ́gùn olóró tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Ibi tí èédú bá ti ń jó, tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, tí igi tàbí kẹrosíìnì bá ti ń jó nínú ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ tó, ibẹ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti èédú, torí òun ló ń tan wá jù. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, á máa rú. A ó fẹ́ ẹ, a ó fẹ́ ẹ, títí yóò fi pọ́n yòò, tí èéfín á tán. Ìgbà yẹn gan-an ni ènìyàn á sọ pé, "Ó ti mọ́ báyìí, ẹ gbé e wọlé kó lé òtútù." Ẹ̀tàn ni o! Èédú tó pọ́n tí kò rú mọ́ ṣì ń tú atẹ́gùn olóró yẹn jáde títí yóò fi di eérú. Èéfín tí à ń sá fún ti lọ, èyí tó ń pani ló kù sílẹ̀.

Báwo ló ṣe ń pani? Ẹ̀jẹ̀ wa dà bí alábàárù. Ẹrù tó ń rù ni afẹ́fẹ́ rere tí à ń mí sínú, tí wọ́n ń pè ní ọ́síjìn. Ó ń gbé e láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ọpọlọ, ó ń gbé e lọ sí ọkàn. Bí carbon monoxide bá wọlé, á gorí alábàárù yìí, á jókòó pa síbẹ̀. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Alábàárù ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tó yẹ kó rù kò ráàyè lórí rẹ̀ mọ́. Ọpọlọ ń retí, ọkàn ń retí, kò sóhun tó dé. Bí ènìyàn bá lajú sílẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbé e mọ́. Bó bá sì ti sùn lọ, oorun náà ló ń gbà dé òdìkejì. Kò ní pariwo, kò ní janpata. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ayé ló ṣe é, pé àwọn ará ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé e dé Èkó. A ò sọ pé kò sí ayé o. Àmọ́ bí ènìyàn mẹ́rin bá sùn nínú yàrá kan tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sí èyí tó jí, tí àdògán sì wà láàárín wọn, ẹ wo àdògán yẹn ná kí ẹ tó wo ọ̀nà ilé babaláwo.

Ohun tí à ń wí yìí ṣẹlẹ̀ lójú àwa náà. Lásìkò òjò kan, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta gbé àdògán wọ ṣọ́ọ̀bù nítorí òtútù. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti ìta. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tètè wá sọ́jà lọ́jọ́ náà torí ẹrù tó fẹ́ gbà, kì í ṣe torí ohun mìíràn. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ọ̀kan ń bì, ọ̀kan ò lè dìde, ọ̀kan ò mọ ibi tó wà mọ́. Wọ́n gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n fún wọn ní ọ́síjìn, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Bí ìyá náà bá pẹ́ sílé ní wákàtí méjì sí i ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí i pé orí ló yọ wọ́n, kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa?

Ti jẹnẹrétọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ó ń tú atẹ́gùn náà jáde kíákíá. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti ṣí fèrèsé, kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Kọ́rídọ̀ kì í ṣe ìta. Abẹ́ fèrèsé kì í ṣe ìta. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí wọ́n sì kọ ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde sí òdìkejì ilé.

IKÚ TÓ Ń RÌN DÍẸ̀DÍẸ̀

Èyí tí a sọ yẹn ni ikú òjijì. Ikú mìíràn wà tó ń fi ẹsẹ̀ palẹ̀ bọ̀. Èéfín igi, èédú àti kẹrosíìnì ní eruku kéékèèké tí ojú ò rí, tó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, èéfín inú ilé fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri àgbáyé, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Òtútù àyà ló ń pa ọmọdé. Ní ti àgbà, ọkàn ń dáṣẹ́ sílẹ̀, rọpárọsẹ̀ ń mú wọn, ẹ̀dọ̀fóró ń bàjẹ́ tí mímí á fi di iṣẹ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà sì wà níbẹ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn kan rò pé ó mọ́ ju igi lọ, láti ọdún 2014 ni àjọ yìí kan náà ti ń gba aráyé nímọ̀ràn pé kí wọ́n yéé lò ó nínú ilé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ìbàdàn tó wà nítòsí yìí ni àwọn dókítà ti dán an wò láti ọdún 2013. Aboyún 324 ni wọ́n kó jọ, tí gbogbo wọn ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, tí kì í rú èéfín púpọ̀. Ìdajì kejì ń bá ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí oyún dàgbà, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo sítóòfù tuntun kò ru tó ti àwọn yòókù, ọmọ tí wọ́n bí sì wúwo jù. Sítóòfù nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún wọn o!

Ẹ jẹ́ ká tún mẹ́nu ba kọ́ìlì ẹ̀fọn, tí à ń tà, tí à ń rà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé eruku kéékèèké tó ń jáde lára kọ́ìlì kan ṣoṣo tó bá jó tán tó ti sìgá 75 sí 137. Ẹni tó tan kọ́ìlì sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní dídí sùn, ẹ bá wa ṣírò ohun tó fà sínú mọ́jú. Àwọ̀n ẹ̀fọn kì í rú èéfín.

Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an ni èéfín náà. Obìnrin Ẹ̀gùn tó ń yan ẹja, ibi tó ti ń yan án kò jìnnà sí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn. Nígbà mìíràn, ògiri pákó lásán ló wà láàárín wọn. Àgànyìn tó ń se ẹ̀wà, òru ló ti ń dáná kí ẹ̀wà lè jinná tútù kílẹ̀ tó mọ́, epo tó ń yọ́ fún ọbẹ̀ ata rẹ̀ sì ń rú ju igi lọ. Àwa là ń ra ẹja yẹn tà. Àwa là ń jẹ ẹ̀wà yẹn. Ní Ghana, wọ́n ṣe irú ààrò kan fún àwọn ayanja, wọ́n fi orúkọ abúlé Chorkor ní Accra pè é. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á wá to pẹpẹ ẹja lé ara wọn lórí. Igi tó ń jẹ kò pọ̀, èéfín rẹ̀ náà kò pọ̀, ẹja tó ń yan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì pọ̀. Ohun tí bíríkìlà wa lè mọ ni.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN Ò LO GÁÀSÌ?

Ẹni tó bá sọ pé òmùgọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa lo èédú kò mọ ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, a ń ra gáàsì ní nǹkan bíi ₦350 kílò kan. Nígbà tó di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Kẹrosíìnì náà ti kọjá ₦1,000 lítà kan ní ọdún 2023. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo ọjà sì gbóná. Èédú nìkan ló ṣì ń fi nylon kékeré ta ara rẹ̀. Ẹni tí owó ń wọlé fún ní díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ rajà ní díẹ̀díẹ̀. Ṣé àwa ọlọ́jà ni a ó wá kọ́ ní ìyẹn? Àwa là ń ta epo ní ṣíbí, tí à ń ta ìrẹsì ní kóńgò àti ìdajì kóńgò. Bí a bá ṣírò owó nylon èédú oṣù kan, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó gáàsì. Owó sílíńdà, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń san án, ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ìdí kejì ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò gbé Èkó gbé. Àwọn Hausa ní orúkọ fún un: cin rani, ìyẹn ni pé kí ènìyàn jáde lọ wá jíjẹ mímu lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó padà sóko nígbà òjò. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ lóṣù mẹ́ta sí i, kò ní ra sílíńdà, kò sì ní bá onílé jà nítorí fèrèsé. Ìdí kẹta ni onílé fúnra rẹ̀. Onílé mìíràn á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná lẹ́yìnkùlé òun, torí ó ń ba ojú ilé jẹ́. Ibo ni kí wọ́n wá ti dáná? Nínú yàrá náà ni.

ÀWỌN TÓ Ń SỌ PÉ KÒ KÀN WÁ

A mọ̀ pé àwọn kan á ka èyí, wọ́n á ní, "Ṣé èmi ni mo bí wọn? Mo gbé iṣẹ́ fún wọn, mo sanwó, ó tán." Àwọn mìíràn á ní, "Igi ni ìyá wa fi dáná tí a fi dàgbà, kò pa wá."

Ẹ jẹ́ ká dá ti ìkejì lóhùn ná. Níbo ni ìyá wa ti dáná? Ẹ̀yìnkùlé ni. Ilé ìdáná dá wà, yàrá dá wà. Òrùlé koríko ni, ògiri rẹ̀ kò sì kan òrùlé pátápátá, èéfín ń ráàyè jáde. Síbẹ̀ náà, ojú ìyá wa pọ́n, ikọ́ sì ń bá ọ̀pọ̀ wọn lálẹ́ títí wọ́n fi dàgbà. Yàrá onísìmẹ́ńtì tí wọ́n dí ojú rẹ̀ pa kì í ṣe ilé ìdáná ìyá wa. Ẹ má fi wọ́n wéra.

Ní ti àwọn tó ní àwọn kọ́ ló bí wọn, ẹ jẹ́ ká rántí ara wa. Ìran wa náà ti ṣe àlejò rí. Àwọn ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìgbẹ́tì, láti àwọn ìlú mìíràn, ta ọjà ní Ghana títí dé Tamale. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Àwọn kan fi ọjà sílẹ̀ nínú ìsọ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sá wálé. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. A mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn wà nílùú tí kò ní ẹni tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Àlejò lójú, kò fi ríran. Alábàárù ò lè bá onílé jà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ò lè sọ fún màmá rẹ̀ pé kó má ti òun mọ́lé. Àwa tí a ríran, tí wọ́n ń fetí sí, àwa la ó sọ ọ́.

Bí àánú ò bá sì mú ẹnikẹ́ni, kó wo ti ọjà. Àdògán tó wà láàárín páálí nínú ṣọ́ọ̀bù lóru, ṣé ènìyàn nìkan ló lè pa? Iná tó bá sọ níbẹ̀ kò ní béèrè ìsọ̀ ta ni.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

A ò kọ èyí láti kàn ké lásán. A fẹ́ kí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé gbogboogbò, kí ó sì di òfin láàárín wa.

Èkínní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́ ṣọ́ọ̀bù láti ìta mọ́. Bí a bá fẹ́ ọlọ́dẹ, ká dá owó gba ọlọ́dẹ. Ẹni tó bá ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ lè ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ láti inú.

Èkejì: kí iná má wọ ibi tí ènìyàn ń sùn, ì báà jẹ́ èédú, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ì báà jẹ́ nítorí òjò, ì báà jẹ́ nítorí òtútù. Ẹni tí òtútù ń mú, aṣọ ìbora la ó fún un, kì í ṣe àdògán.

Ẹ̀kẹta: kí ẹgbẹ́ kọ́ búkà ìdáná kan sẹ́yìn ọjà, tó ní òrùlé tí kò ní ògiri, níbi tí àwọn alábàárù àti ọmọ iṣẹ́ á ti máa dáná, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Kò gba ju páànù, òpó àti pẹpẹ lọ. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan lè ṣe é, àbí irọ́ la pa?

Ẹ̀kẹrin: èsúsú gáàsì. Bí a ṣe ń dá èsúsú fún ọjà, ká dá a fún sílíńdà kékeré tí iná rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ á dúró fún un, ọmọ iṣẹ́ á máa san án díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ra nylon èédú. Bó bá ń lọ sílé, á dá sílíńdà padà fún ẹgbẹ́, ẹlòmíràn á gbà á. Gáàsì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra o: ibi tí afẹ́fẹ́ wà ni kí wọ́n ti lò ó, bí wọ́n bá sì gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n má ṣáná rárá.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tí ẹ fi háyà nínú wa, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i, kí olè àti ẹ̀fọn má wọlé, kí afẹ́fẹ́ sì wọlé. Ẹ fún àwọn ayálégbé ní igun kan lẹ́yìnkùlé láti dáná.

Ẹ̀kẹfà: kí a sọ ọ́ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ká ránṣẹ́ pe Sẹ̀ríkí àwọn Hausa, ká pe àgbà àwọn Ẹ̀gùn, ká pe àwọn tó jẹ́ olórí láàárín àwọn ará Benue àti Togo. Àwọn ènìyàn wọn á gbọ́ tiwọn ju tiwa lọ.

KÍ GBOGBO WA MỌ ÈYÍ SÓRÍ

Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó jọ sùn nínú yàrá kan bá jí pẹ̀lú orí fífọ́, òòyì àti èébì, tí ara wọn sì ń yá díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bọ́ síta, ẹ má sáré ra oògùn ibà. Ibà kì í sábà mú gbogbo ará yàrá lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ kan náà. Èéfín tí a kò rí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni tó ti dákú síbẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ gbé e jáde sí afẹ́fẹ́ kíá, kí ẹ̀yin náà má pẹ́ nínú yàrá ọ̀hún. Ẹ má da epo pupa, mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu. Ẹni tó ti dákú lè gba ọ̀nà ọ̀fun kú. Ẹ pe 767 tàbí 112 bó bá jẹ́ Èkó, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó súnmọ́ jù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú yàrá tí èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ wà ni ẹ ti bá a. Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ, wọ́n lè máa tọ́jú ibà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, a ti sọ tẹnu wa. A ti mọ owó ẹrù tí a fẹ́ san fún alábàárù, a mọ bí a ṣe ń ná an títí yóò fi gbà. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ń sùn náà. Ọmọ tó ru ẹrù wa láti àárọ̀ dalẹ́, ó yẹ kó rí afẹ́fẹ́ mí sínú lóru. Ẹ wá sí ìpàdé o, kí ẹ wá sọ tiyín. Ẹni tó ní òun ò fara mọ́ ọn, kó wá sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣí ìsọ̀ lárọ̀ọ́ bá òkú. Ọjà á dùn, ọjà á tà, a ó sì lọ, a ó bọ̀ láyọ̀ o.